Ọ̀gá Èmi-Ni àti Ẹ̀rún Tó Kéré Jù

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, bó bá ń bọ̀ ní kọ́rídọ̀, ikùn rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yọ. Ẹ ó ti kí ikùn náà tán kí ẹni tó ni ín tó dé. Òun ni Ọ̀gá Àgbà Ilé Ìwádìí Ẹ̀dọ̀fóró, ilé alájà mẹ́ta kan tí àwọn aláìsàn wà nísàlẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń ṣiṣẹ́ láàárín, tí òun sì jókòó sókè pátápátá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù jù.

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é bí kò bá sí nítòsí ni Ọ̀gá Èmi-Ni. Bí ẹnìkan bá béèrè ní ìsàlẹ̀ ilé pé ta ló tún ẹ̀rọ omi ṣe, ọ̀gá á dáhùn láti òkè pé, "Èmi ni." Bí àlejò bá ní òjò àná mà dára o, ọ̀gá á tẹrí ba díẹ̀, á ní, "Ẹ ṣeun." Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó gorí àlééfà ló ti pàṣẹ pé ìwé kankan kò gbọ́dọ̀ jáde nínú ilé náà àfi kí wọ́n tẹ "Èmi ni mo ṣe é" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí òun sì fọwọ́ sí i. Ìwé náà pọ̀, kò sì ní àyè láti kà wọ́n. Ó kàn ń fọwọ́ sí i ni.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sórí àtẹ̀gùn. Akọ̀wé rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà nítorí pé a ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀, á ṣí ìwé kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè ọ̀gá: Òpó Ẹ̀mí, Baba Èémí, Ẹni Tí Àyà Ń Bọ̀wọ̀ Fún. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wúkọ́ títí wọ́n á fi kà á tán. Ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ikọ́! Mo rí nọ́ọ̀sì kan tó di ikọ́ mọ́ra lọ́jọ́ kan títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ọ̀gá rí omijé náà, ó ní ọ̀rọ̀ oyè òun ló wọ̀ ọ́ lára.

Ní àjà kejì ni obìnrin kan wà tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ìbejì. Onímọ̀ oògùn ni, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló sì fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí òun ṣe máa ń sọ ọ́ fún àwọn aláìsàn, nítorí tirẹ̀ yé mi ju ti inú ìwé lọ. Ó ní nínú ẹ̀dọ̀fóró wa, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti gbèjà wa. Ohunkóhun tí a bá fà símú, eruku ni o, kòkòrò àrùn ni o, wọ́n á gbé e mì. Ṣùgbọ́n bí eruku bá ti pọ̀ jù, inú á bí wọn, wọn ò ní mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́ mọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n ń ṣọ́ jẹ́. Oògùn tó lè tù wọ́n nínú wà. Àmọ́ bí èèyàn bá gbé e mì bí oògùn oníhóró, gbogbo ara ló máa pín in, ìba díẹ̀ ló máa kàn wọ́n. Ìyá Ìbejì wá fi oògùn náà sínú ẹ̀rún kan tó kéré débi pé, bí ẹ bá to ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ jọ, kò ní ju ìbú irun orí kan ṣoṣo lọ. Aláìsàn á fà á símú bí ìrì. Á gba ọ̀fun kọjá, á wọ kọ̀rọ̀ tó jìn jù nínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn sẹ́ẹ̀lì á rò pé ọ̀tá tuntun ló dé, wọ́n á gbé e mì kíá, inú wọn ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n ti dán an wò lára ẹranko. Àwọn Ìgbìmọ̀ Ààbò Aláìsàn ti fọwọ́ sí i pé kí èèyàn méjìlá lò ó. Ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé ni Baba Olókùúta, tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nísàlẹ̀. Ogójì ọdún ló fi gé òkúta fún àwọn tó ń kọ́lé, eruku rẹ̀ sì ti kún inú àyà rẹ̀. Bó bá sọ gbólóhùn kan, á sinmi kó tó sọ èkejì. Nítorí náà kì í fi gbólóhùn ṣòfò.

Gbogbo nǹkan ì bá lọ bó ṣe yẹ, àmọ́ lẹ́tà kan dé pé Mínísítà Ètò Ìlera ń bọ̀ wá wo oògùn tuntun náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ọ̀gá Èmi-Ni sọ̀ kalẹ̀ wá sí àjà kejì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. Wọ́n ní láti fi ọ̀nà hàn án.

"Ẹ gbé e wá kí n rí i," ó ní.

Ìyá Ìbejì gbé ìgò kékeré kan lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá gbé e sí iná. Ó mì ín. Ó fi etí sí i.

"Omi nìyí."

"Ó wà nínú omi yẹn, sà. Ojú ò lè rí i ni."

"Mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀ ju bílíọ̀nù lọ, sà."

"Bílíọ̀nù! Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn tó lè fara hàn nígbà tí Ọ̀gá Àgbà wọlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni akọ̀wé wí.

Ọ̀gá gbé ìgò náà sílẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ aláìgbọràn sílẹ̀. "Ìyá Ìbejì, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ilé iṣẹ́ yìí tóbi. Ọ́fíìsì mi tóbi. Tábìlì mi, èèyàn mẹ́fà ló gbé e gòkè. Ẹ wá fẹ́ kí n dúró níwájú Mínísítà, kí n máa na ìka sí nǹkan tí kò sí? Ẹ sọ ọ́ di ńlá."

"Sà, bó bá tóbi, inú imú àti ọ̀fun ló máa há sí. Kò ní dé ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà wà."

"Èmi náà tóbi," ni Ọ̀gá Èmi-Ni wí. "Ibo ni mi ò tíì dé?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé èmi ni mo fi iyọ̀ sí i. Ìbéèrè yẹn wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ náà títí di òní, wọ́n sì fa ìlà sí i nídìí.

Ọjọ́ kejì ló gbé Ìgbìmọ̀ Ìmúgbòòrò Ẹ̀rún kalẹ̀, èèyàn mẹ́rìnlá. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ti po oògùn rí. Ọ̀kan ń bójú tó àga, ọ̀kan jẹ́ àna ọ̀gá, ọ̀kan kàn ṣi yàrá wọ̀ ni, ojú sì tì í láti jáde. Ìjókòó àkọ́kọ́, wọ́n fẹnu kò pé kí ẹ̀rún náà ní àwọ̀ èsè àlùkò, nítorí pé àwọ̀ táì ọ̀gá nìyẹn. Ìjókòó kejì, ọ̀gá béèrè bóyá ó bójú mu kí a wọ ilé sẹ́ẹ̀lì láìkí i. Ni wọ́n bá kọ lẹ́tà: "Sí Gbogbo Sẹ́ẹ̀lì Agbèjà, Apá Ọ̀tún àti Apá Òsì Ẹ̀dọ̀fóró. Inú mi dùn láti fi tó yín létí pé èmi fúnra mi ni mò ń rán ẹ̀rún ńlá sí yín. Ẹ gbà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀." Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó kà á sókè sí àyà àwọn aláìsàn. Baba Olókùúta ṣí bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ méjì, ó ní kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa.

Ìjókòó kẹta ni wọ́n sọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Ọ̀gá na ọwọ́ sínú ìkòkò òdòdó, ó mú yanrìn kan jáde. "Bí èyí," ó ní. Alábòójútó àga ní bóyá kí ó kéré sí i díẹ̀, nítorí imú. Wọ́n yọ ọ́ nínú ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn tí ó jáde tán, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ronú, ó ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè, òun ni òun ro ọ̀rọ̀ imú náà.

Ìyá Ìbejì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò ní po ohun tó lè há èèyàn lọ́fun. Kó tó di ọ̀sán, ọ̀gá ti kó o kúrò ní yàrá ìwádìí, ó ní kó lọ máa ṣọ́ ìgò òfìfo ní ilé ẹrù. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ìtàn ló kà nílé ìwé, di Olórí Ẹ̀rún. Ó ra sítáàṣì aṣọ, ó ra àwọ̀ tí wọ́n fi ń kun kéèkì, ó lọ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ ó béèrè pé oògùn ńkọ́? Oògùn ò gba àwọ̀ náà dáadáa, nítorí náà wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Ìyá Ìbejì kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí Ìgbìmọ̀ Ààbò Aláìsàn, ojú ìwé méjì, kò fi nǹkan kan bò. Ṣùgbọ́n àṣẹ ni àṣẹ: lẹ́tà ò lè jáde láìgba orí tábìlì ọ̀gá. Ó tẹ "Èmi ni mo ṣe é" sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi sáàárín ìwé ẹ̀rọ omi àti ìwé ìsinmi òṣìṣẹ́, ó gbàdúrà. Ọ̀gá fọwọ́ sí i pẹ̀lú gègé wúrà, ó sì fi ọ̀kan lé orí èkejì. Lẹ́tà lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ayẹyẹ tí wọ́n fẹ́ fi gba Mínísítà lálejò, Ìyá Ìbejì yọ́ wá sí wọ́ọ̀dù.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa nǹkan yẹn símú lọ́la."

"Akọ̀wé ti wá síbí." Baba Olókùúta sinmi. "Ó ní ẹni tó bá kọ̀... wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀... wọ́n á gba bẹ́ẹ̀dì."

"Oògùn gidi wà lọ́dọ̀ mi nínú fíríìjì, Baba. Bí wọ́n bá yọ orúkọ yín, mi ò mọ bí mo ṣe máa dá a padà. Bí ẹ bá sì fà á, pẹ̀lú bí àyà yín ṣe rí yìí..." Ó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ bo ojú.

Baba na ìka sókè, síbi tí ọ́fíìsì Ọ̀gá wà. "Bí wọ́n bá ṣí ilé tuntun, ta ló ń kọ́kọ́ wọlé?"

"Òun ni, Baba."

"Bí oúnjẹ bá dé?"

"Òun náà ni."

"Ó dáa." Ó fa aṣọ ìbora mọ́ra. "Ẹ lọ jẹun, ọmọ mi. Ẹ ti gbẹ jù."

Ọjọ́ pé. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì èsè àlùkò láti ẹnu ọ̀nà dé orí pèpéle. Wọ́n gbé àwòrán ọ̀gá kọ́ ògiri, ó ń fa èémí sínú, ojú rẹ̀ lọ́run. Mínísítà dé pẹ̀lú aṣọ funfun tó ń dán. Ẹnì kan láti Ìgbìmọ̀ Ààbò Aláìsàn jókòó lẹ́yìn pátápátá, lẹ́tà kan wà lórí itan rẹ̀. Ọ̀gá Èmi-Ni dìde, ó tún táì ṣe, ó bẹ̀rẹ̀.

"Mínísítà, ẹ̀yin ọ̀tọ̀kùlú, ẹ̀yin ẹ̀dọ̀fóró gbogbo tó wà níjòókòó! Kí n tó dé orí àlééfà, báwo ni àwọn èèyàn ṣe ń mí? Wọ́n kàn ń gbìyànjú ni! Ta ló wá wo afẹ́fẹ́ lójú, tó sọ fún un pé, 'Ìwọ afẹ́fẹ́, ó tó gẹ́ẹ́'? Ta ló bá ẹ̀rún ní kékeré, tó tọ́ ọ dàgbà? Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni!" ni àwọn òṣìṣẹ́ dáhùn. Wọ́n ti kọ́ wọn látàárọ̀.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀. Nígbà tó parí, wọ́n ti kẹ̀kẹ́ Baba Olókùúta wọlé. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà gbé abọ́ dígí kan wá, ẹ̀rún èsè àlùkò kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ìbomú tí wọ́n fi ń fà á. Àwọn oníkámẹ́rà sún mọ́ tòsí. Baba gba ìbomú náà, ó wò ó, ó sì rọra gbé e lé itan.

"Mínísítà," ó ní. Ó sinmi. "Ẹ dárí jì mí. Èmi agékùúta lásán..." Ó sinmi. "Kí n kọ́kọ́ fi imú mi kan iṣẹ́ ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà... kí òun fúnra rẹ̀ má tíì fi kàn án?" Ó mi orí. "Ojú á tì mí títí láé."

Ojú Ọ̀gá Èmi-Ni tàn bí iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Báwo ni òun ò ṣe ronú kàn án? Ẹni àkọ́kọ́! Nínú gbogbo ayé!

"Òótọ́ lẹ sọ, Baba! Ẹ gbé e wá!"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, ẹni tó mọ ohun tó rà àti ibi tó ti rà á, fa abọ́ náà sẹ́yìn. "Sà, ẹ jọ̀ọ́, bóyá kí a—"

"Dákẹ́!"

Ọ̀gá fi ìbomú bo imú, ó sì fà á bí ẹni tó fẹ́ mí fún gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìṣẹ́jú àáyá méjì kọjá, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ihò imú rẹ̀ fẹ̀. Ojú rẹ̀ yọ. Ó sín. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe sísín tí ẹ mọ̀. Aṣọ funfun Mínísítà di èsè àlùkò láti ọrùn dé orúnkún. Mínísítà dìde láti gbọn aṣọ, ọ̀gá sín èkejì, ó bá a lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta kan àwọn oníkámẹ́rà. Alábòójútó àga ti kó àga mẹ́ta sá síta. Ọ̀gá la ẹnu láti ṣàlàyé, ohùn kan jáde tó dà bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí rí. Lẹ́yìn náà, ohùn yẹn pàápàá lọ.

Wọ́n gbé e wọ yàrá dókítà, wọ́n fọ imú rẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná. Dókítà fi iná wo ọ̀fun rẹ̀. "Kò sí ewu," ó ní. "Sítáàṣì ló há síbẹ̀. Kò tilẹ̀ kọjá ọ̀fun, bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ gẹ́lẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, sà. Ẹ má sọ̀rọ̀ rárá." Ẹ ro irú ìyà yẹn wò. Wọn ì bá kúkú ní kó má jẹun.

Ọjọ́ kẹrin, ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó. Alága wọn jẹ́ adájọ́ obìnrin tó ti fẹ̀yìntì, tí ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín. Nítorí pé ọ̀gá ò lè sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà máa túmọ̀ àpèjúwe ọwọ́ rẹ̀, ṣebí òun ló mọ̀ ọ́n jù.

"Ta ló ní kí wọ́n sọ ẹ̀rún náà di ńlá?" ni adájọ́ béèrè.

Ọ̀gá na ìka sí Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà, ó kù díẹ̀ kó ki i bọ̀ ọ́ lójú.

Akọ̀wé tẹrí ba. "Ọ̀gá ní kí n sọ fún yín pé òun ni."

Ọ̀gá gbọn orí títí táì rẹ̀ fi fò sí èjìká.

"Ó ní òun ò lè sẹ́ ẹ."

Ọ̀gá lu tábìlì gbàgà.

"Ó ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kíá."

Ọ̀gá já gègé gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ̀wé, ó kọ "ÈMI KỌ́!" tó gba ojú ìwé kan tán. Adájọ́ fi awò sójú, ó kà á, ó gbé e sí apá kan. Ó wá gbé fáìlì kan sí apá kejì, ó dún gbì lórí tábìlì.

"Ẹgbẹ̀fà ìwé ló wà níbí," ó ní. "Àwọ̀ ni o, ìwọ̀n ni o, sítáàṣì ni o, lẹ́tà sí ẹ̀dọ̀fóró ni o. Gbogbo wọn ló sọ pé 'Èmi ni mo ṣe é', ẹ sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin náà ẹ sọ èyí tí mo máa gbà gbọ́." Ó fa lẹ́tà ojú ìwé méjì kan yọ. "Èyí ló wá yà mí lẹ́nu jù. Lẹ́tà yìí sọ pé Ọ̀gá Àgbà ń fi ẹ̀mí aláìsàn ṣeré, kí wọ́n yọ ọ́ nípò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ kà pé, 'Èmi ni mo ṣe é.' Sà, ṣé ẹ̀yin lẹ fi ẹjọ́ ara yín sùn ni?"

Ọ̀gá wo lẹ́tà náà. Ó wo ibi tó fọwọ́ sí. Ó jókòó wọ̀ọ̀.

"Ó ní òtítọ́ inú ló jẹ́ kí òun ṣe é," ni Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà wí.

Adájọ́ yíjú sí i, ó ní kí òun náà palẹ̀ mọ́, ilé ẹrù ń dúró dè é, ìgò òfìfo pọ̀ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó ní, ó sì lọ.

Wọn ò lé Ọ̀gá Èmi-Ni tán, nítorí ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìntì. Lẹ́tà dé fún un pé wọ́n ti fi í ṣe "Oludamọran Lori Ọrọ Atẹgun". Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò fi àmì ohùn kankan sí i. Ọ̀gá kà á, inú rẹ̀ dùn láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di Ajé: gbogbo afẹ́fẹ́ orílẹ̀-èdè! Ó ra táì tuntun. Ìgbà tó dé ibi iṣẹ́ ni wọ́n fi yàrá kan hàn án lábẹ́ àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ìwé tí yóò máa fi ṣe àkọsílẹ̀ èyí tó bá sán nínú wọn.

Ìyá Ìbejì padà sí yàrá rẹ̀. Ó gbé ìgò rẹ̀ jáde nínú fíríìjì, àwọn Ìgbìmọ̀ Ààbò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó tẹ̀síwájú. Àwọn méjìlá náà fà á símú fún oṣù mẹ́ta, omi lásán lójú, wọn ò rí nǹkan kan, wọn ò sì gbọ́ òórùn kan. N kò ní purọ́ fún yín pé gbogbo wọn ló dìde jó. Mẹ́rin ò rí ìyàtọ̀ kankan, Ìyá Ìbejì sì ń jókòó tì wọ́n títí di báyìí, ó ń wá ìdí rẹ̀. Àwọn mẹ́jọ yòókù rí ìyàtọ̀. Baba Olókùúta wà nínú wọn.

Ó padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Ní ìsọ̀kalẹ̀, ó bá Ọ̀gá Èmi-Ni lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu yàrá rẹ̀, kò sí ẹnìkan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohùn ọ̀gá ti padà. Ó rí etí méjì, ó bẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe dìtẹ̀ mọ́ òun, bí ẹ̀rún ì bá ti tóbi tó, bí ayé ò ṣe mọ ẹni ńlá. Baba jókòó tì í, ó gbọ́ ọ títí dé òpin, nítorí ara tù ú, kò sì kánjú. Ọ̀gá parí, ó dúró kí ikọ́ Baba bẹ̀rẹ̀. Kò sí ikọ́.

Ó yíjú sí ọkùnrin náà. "Baba," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "báwo ló ṣe rí lára yín?"

"Láàárọ̀ àná, sà, èmi àti ìyàwó mi jà. Lórí pé ta ló fi fèrèsé sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ọdún mẹ́rin nìyí tí òun nìkan ti ń jà, tí èmi kàn ń mi orí, nítorí mi ò ní èémí tí mo lè fi fèsì. Àná mo fèsì. Ó sọ ọ̀kan, mo sọ ọ̀kan, ó sọ ọ̀kan, mo sọ méjì, mi ò sinmi láàárín."

"Ta ló wá borí?"

"Òun ni. Àmọ́ bó ṣe borí tán, ó jókòó sórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún bẹ̀rẹ̀."